Ọjọ́ Kan ní Savalou: Ohun tí Ojú Rí àti Ohun tí Etí Gbọ́

Àwọn àgbà ní àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí ni a mú dání bí ọ̀pá ìtilẹ̀ ní ọjọ́ tí àwa díẹ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́yìn, tí a sì rin ìlú Savalou já láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ààfin, ọjà, ilé olóúnjẹ, ojúbọ Dankoli ní ọ̀nà Bantè: gbogbo ohun tí a máa ń fi han àlejò ni wọ́n fi hàn wá, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó gbà wá lálejò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà délé, ìbéèrè kan kò jẹ́ kí a sinmi. Nínú ohun tí ọjọ́ kan lè fi han ènìyàn, èwo ni ìtàn gan-an, èwo sì ni apá kan ìtàn tí a ti yàn fún ojú àlejò? Ìbéèrè náà kan àwa tí ń sọ èdè Yorùbá gidigidi, nítorí pé ní Savalou, ohun tí ojú ń rí kì í sábà dárúkọ wa, ṣùgbọ́n ohun tí etí ń gbọ́ ń dárúkọ wa ní ọ̀nà púpọ̀.

Ìlú àárín òkè

Savalou wà ní ẹkùn Collines, ní àárín orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn òkè àpáta ti yọrí láàárín pápá. Ọdún 1999 ni a ya Collines sọ́tọ̀ kúrò lára Zou. Ìjọba ìbílẹ̀ Savalou ní àgbègbè 14. Ti Bantè tí ó wà ní àríwá rẹ̀ ní 9. Nínú ìlú Savalou fúnra rẹ̀, Mahi ni èdè ààfin, òun náà sì ni èdè ọjà. Mahi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè Gbe, ọmọ ìyá Fọ̀n, Gùn, Àjà àti Èwè; iṣẹ́ òjògbọ́n Hounkpati Capo wà lára àwọn iṣẹ́ tí ó fi ìdí ìbátan yìí múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jáde kúrò nínú ìlú kò ní rìn jìnnà kí èdè tó yí padà. Bí ó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn lọ sí Tchetti tàbí Doumè, Ifẹ̀ ni yóò máa gbọ́, èdè kan náà tí a ń sọ ní Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò. Bí ó bá gba ọ̀nà Bantè, Itcha ni. Bí ó bá kọjú sí ìlà-oòrùn, Ìdáàṣà ń bẹ lórí àwọn òkè rẹ̀, Ṣábẹ̀ sì wà níwájú. Gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá. Ìwé tí Biodun Adediran tẹ̀ jáde ní 1994 lórí àwọn ìjọba ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ láti rí i pé ẹ̀ka wọ̀nyí kì í ṣe ìjẹkújẹ tí ó jábọ́ láti ẹnu Ọ̀yọ́. Wọ́n ní ọba tiwọn, ọ̀nà ìṣílọ tiwọn, àti ìrántí tiwọn. Nítorí náà, Savalou dà bí ilé kan tí ẹ̀gbọ́n ọ̀tọ̀ ń gbé, tí ilẹ̀kùn mẹ́ta rẹ̀ sì ṣí sí àgbàlá àwa.

Òwúrọ̀ ní ààfin

A bẹ̀rẹ̀ ní ààfin. Ọmọkùnrin tí ó ń mú wa kiri kọ́kọ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń ṣe níwájú ọba: kí a bọ́ bàtà, kí a ṣí fìlà, kí a wólẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀. Ó sọ fún wa pé Dada ni a ń pe ọba, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Àgbómè. Gbaguidi ni orúkọ tí àwọn ọba ìlú náà ń jẹ láti ìran dé ìran, a sì ń fi òǹkà tẹ̀lé e láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìtàn ààfin gbé ìpìlẹ̀ ìjọba náà lé Ahosu Soha lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n ní ó wá láti gúúsù, láti ẹ̀bá adágún Ahémé, tí ó gòkè wá pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ títí ó fi tẹ ìlú dó láàárín àwọn òkè wọ̀nyí.

Ọmọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ ìtàn náà pẹ̀lú ìgbéraga tí ó yẹ ọmọ ìlú, nígbà tí ó sì fẹ́ parí rẹ̀, ó ní: “Kí Soha tó dé, kò sí ẹnikẹ́ni níbí. Igbó ni.”

A kò bá a jiyàn. Ilé onílé ni a wà, àti pé a mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé tiwa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ìtàn Odùduwà bí ẹni pé ilẹ̀ ṣófo kí ó tó dé. Síbẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ kan náà kò gbàgbé Ọbàtálá àti Ọ̀rẹ̀lúéré tí wọ́n ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ọdún Ẹdì sì ń rántí Mọ̀rèmi àti àwọn Ìgbò tí wọ́n ń gbógun ti ìlú. Ìtàn ààfin a máa bẹ̀rẹ̀ níbi tí àṣẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n fẹ́ràn fíìmù Kòríà ń fi ààfin tí a wà nínú rẹ̀ wé Gyeongbokgung, ààfin ńlá ìlú Seoul tí wọ́n mọ̀ dáadáa nínú àwòrán. Àfiwé náà wúlò ju bí wọ́n ti rò lọ. Ọdún 1395 ni a kọ́ ààfin yẹn. Iná jó o ní 1592 nígbà tí àwọn ará Japan gbógun wọ Kòríà, ó sì di 1867 kí a tó tún un kọ́ tán. Nígbà tí Japan sọ Kòríà di ilẹ̀ àmúsìn láti 1910 sí 1945, wọ́n wó èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé ìjọba tiwọn sí iwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n parí ní 1926. Láti 1990 ni àwọn ará Kòríà ti ń tún ààfin náà tò, wọ́n sì wó ilé ìjọba àmúnisìn náà láàárín 1995 àti 1996. Àlejò tí ó bá háyà aṣọ hanbok, tí ó ń ya fọ́tò níbẹ̀ lónìí, yóò rí ògiri tí ó dán àti òrùlé aláràbarà. Ilé tí a wó kò sí lójú mọ́; bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá gbọ́ nípa rẹ̀ kò lè mọ ìdí tí ààfin àtijọ́ fi ní ògiri tuntun. Ohun tí kò sí lójú mọ́ wà nínú ìtàn bí èyí tí ó ṣì dúró.

Ọ̀sán: ìbéèrè ìyá olóúnjẹ

Ní ọ̀sán, ebi mú wa wọ ilé olóúnjẹ kan lẹ́bàá ọjà, níbi tí àwọn tí ń ta gàrí Savalou tí ó lókìkí títí dé Kutonu ti ń pàtẹ. Iyán ni a bèèrè, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti wàrà tí àwọn Fúlàní ń ṣe, tí a ń pè ní wagashi. Ìyá tí ó ń gún iyán gbọ́ bí a ti ń sọ Yorùbá láàárín ara wa, ó sì kí wa kú ìrìn ní Itcha. Bantè ni a ti bí ìyá rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí a gbọ́ ní ààfin fún un, pé igbó lásán ni ibẹ̀ nígbà tí Soha dé. Ìyá náà kò dáwọ́ ọmọ odó dúró. Ó kàn bèèrè pé: “Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbí, ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló fún un ní iṣu tó kọ́kọ́ jẹ?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin tí ó ń mú wa kiri ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó gbọ́ èdè náà láìsí ògbufọ̀. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní ọmọ Itcha ni ìyá ìyá òun. A wo ojú ara wa. Láti àárọ̀ ni ó ti wà pẹ̀lú wa, ìdajì ìtàn tí a ń wá wà nínú ilé rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ó yẹ kí ó sọ ọ́, nítorí pé kò sí nínú ohun tí a ń sọ fún àlejò.

Ìbéèrè ìyá náà wúwo. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àbùdá iṣu funfun fi hàn pé láti ara iṣu igbó ni a ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, ní agbègbè odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì. Nítorí náà, iṣu wà nínú ohun tí ó ti pẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ yìí; ó ti wà kí àwọn ààfin tó wà. Kò sì rọrùn láti gbìn. Láàárín àwọn iṣu Savalou, laboko ni ọba. Ó tètè ń gbó, a sì ń kórè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, àgbẹ̀ yóò rọra wa ẹ̀gbẹ́ ebè, yóò bẹ́ iṣu kúrò lábẹ́ orí rẹ̀ láì fa gbòǹgbò tu, yóò sì da erùpẹ̀ bò ó padà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, orí yẹn yóò ta àwọn iṣu kéékèèké, èyí tí a óò fi ṣe ẹ̀bù ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà yìí lè jẹ iṣu lọ́dún yìí, kí ó má rí ẹ̀bù gbìn lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹnì kan ni ó ní láti kọ́ àjèjì tí ó ti ẹ̀bá adágún wá. Ìwé kankan kò kọ orúkọ olùkọ́ yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé àwọn ènìyàn Mahi di Mahi nípa àdàlù àwọn tí ó ti gúúsù wá àti àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀, àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá sì wà nínú àwọn onílẹ̀ náà. Ìbéèrè ìyá olóúnjẹ bá ti àwọn onímọ̀ mu.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni Savalou ń ṣe ọdún iṣu tuntun. Láti Kutonu, Pọ́tónófò àti òkè òkun ni àwọn ọmọ ìlú ti ń padà wálé. Ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi tí ìjọba fi ṣe àjọ̀dún Màríà, èyí tí ó mú kí òṣìṣẹ́ lè rìn wálé láìgbàyè. Àwọn ará Kòríà ní irú rẹ̀. Chuseok ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ni ó bọ́ sí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n oṣù tí ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń kà á. Ní ọjọ́ náà, ojú ọ̀nà a kún fún ọkọ̀ àwọn tí ń lọ sí ìlú baba wọn. Ìdílé a gbé ìrẹsì tuntun ka iwájú àwọn òkú ọ̀run, wọ́n a sì lọ tún ibojì ṣe. Ìlànà kan náà ni: ẹni tí ó ti kú ni ó kọ́kọ́ jẹun. Bí a ti ń ṣe é fún iṣu nìyẹn. Ijó àti ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ìlú ni àlejò ń rí ní ọjọ́ ọdún. Iṣu tí a kọ́kọ́ sè ní kọ̀rọ̀ ilé, tí a sì gbé ka ilẹ̀ fún àwọn tó lọ, kò sí nínú ètò àlejò. Kò sì yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ ilé mọ̀ ọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ ní Dankoli

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, a gba ọ̀nà Bantè lọ sí Dankoli. Kò sí ògiri gíga tàbí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Òkìtì kan ni, tí epo pupa ti dì mọ́ lára, pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ àti èèkàn igi kéékèèké tí kò níye. Ẹni tí ó ní ẹ̀bẹ̀ yóò mú èèkàn kan, yóò kàn án mọ́lẹ̀ bí ó ti ń sọ ohun tí ó fẹ́, yóò da epo sí i, yóò sì fi ẹnu fọ́n sódábì lé e, ọtí líle tí a ń sè láti inú ẹmu. Yóò sọ ohun tí òun yóò mú wá bí ẹ̀bẹ̀ bá gbà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́, ní èdè tí ó bá mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn a gbọ́ Mahi, a gbọ́ Fọ̀n, a gbọ́ Faransé, a sì gbọ́ obìnrin kan tí ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní Itcha.

Ibẹ̀ ni a ti rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí pé ẹ̀sìn ilẹ̀ yìí kún fún ọ̀rọ̀ tí ó ti ilé ẹnì kan kọjá sí ilé ẹlòmíràn. Sakpata tí àwọn Fọ̀n àti Mahi ń bọ ni Ṣọ̀pọ̀ná wa, Ọbalúayé. Ìtàn Àgbómè gbà pé láti apá Ìdáàṣà àti àwọn òkè ìhín ni a ti mú un wọ ìlú ọba. Ní Àgbómè, anagonu ni wọ́n ń pe àwọn ìyàwó rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí ará Nàgó, ìbáà jẹ́ pé Fọ̀n pọ́ńbélé ni baba àti ìyá wọn. Ọdún 1980 ni a kéde pé ìgbóná ti parí ní gbogbo ayé. Sakpata kò parí, nítorí pé ilẹ̀ ni ó ni, ilẹ̀ sì wà síbẹ̀.

Fá náà ń kọ́? Bokọnọ̀ tí ń da Fá ní Savalou yóò pe Gbe-Meji, Yeku-Meji, Woli-Meji, Di-Meji. Ọmọ Yorùbá tí ó bá tẹ́tí yóò gbọ́ Èjì Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí. Bernard Maupoil, òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé tí ó tẹ ìwé ńlá jáde lórí Fá ní 1943, gba ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Gèdègbé, ẹni tí ó ti da Fá fún ọba Béhanzin. Àwọn awo Dàhọ̀mì fúnra wọn kò fi í pamọ́ pé Ifẹ̀ ni orísun Fá. Àwọn ni wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n fi ìtàn tiwọn kún un, tí ó fi di tiwọn. Ohun tí a yá tí a sì tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ìran ti kúrò ní ohun àyálò.

Àwọn tí kò padà wálé

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó rin òkè Mahi já tí ó sì fi ìwé ròyìn rẹ̀ fún àwọn ará Yúróòpù ní kíkún ni John Duncan, ọmọ ogun ilẹ̀ Bìrìtìkó, ní 1845. Gezo ọba Dàhọ̀mì fún un ní ẹ̀ṣọ́. Ó rí òkè, ó rí ọjà, ó rí oko; ṣùgbọ́n àárín ọmọ ogun ọba tí ó ń kó àwọn Mahi lẹ́rú ni ó ti ń wò wọ́n. Kí ni onílẹ̀ yóò sọ fún àlejò tí ó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ rìn? Bí a bá ń ka ìwé rẹ̀, ó yẹ kí a máa bi ara wa pé ta ló dúró lẹ́yìn òǹkọ̀wé.

Ní ọ̀rúndún méjì, ogun Dàhọ̀mì kó àwọn ènìyàn lọ láti orí àwọn òkè wọ̀nyí dé etíkun, Mahi àti Nàgó pọ̀. Orúkọ ìlú bá wọn sọdá òkun. Ní Matanzas ní Kúbà, a ní àwọn Arará Sabalú. Ní Bàhíà ní Bràsíìlì, a ní ìdílé ẹ̀sìn Jeje Savalu àti Jeje Mahi. Ní Hàítì, Mahi jẹ́ orúkọ ìlù àti ijó. Àwọn ènìyàn tí kò rí Savalou rí di orúkọ rẹ̀ mú, wọ́n sì ń fi kọrin títí di òní.

Lẹ́yìn ogun ni àlà dé. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1897, Faransé àti Jámánì fọwọ́ sí ìwé tí ó fi ààlà sáàárín Dàhọ̀mì àti Tógò. Tchetti bọ́ sí ìhín, Atakpamé bọ́ sí ọ̀hún, Ifẹ̀ sì di orílẹ̀-èdè méjì láàárín ìgbéyàwó àti ìsìnkú ara wọn.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀

Ìdánwò méjì ni ó dúró de ẹgbẹ́ bíi tiwa. Èkíní ni kí a gba ìtàn ààfin bí a ti sọ ọ́, kí a yà fọ́tò, kí a sì padà sílé. Èkejì burú jù, nítorí pé ó dùn mọ́ wa: kí a máa pariwo pé Yorùbá ni ó ni Savalou. Savalou kì í ṣe ìlú Yorùbá. Ìlú Mahi ni. Ọba Mahi ni ó ń jọba níbẹ̀, èdè Mahi ni ó ni ọgbọ́n àti ewì rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ kò ju ohun tí ìyá olóúnjẹ sọ: pé ẹnì kan wà nílé nígbà tí àlejò dé, pé ó fún un ní iṣu, àti pé àwọn méjèèjì ti bímọ papọ̀ tipẹ́. Ọmọkùnrin tí ó mú wa kiri ni ẹ̀rí.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Kí ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ tí ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù yín jókòó ti àgbà kan ní Savalou, Bantè, Tchetti tàbí Doumè. Ẹ bèèrè orúkọ odò, orúkọ òkè, orúkọ oko àti orúkọ irú iṣu tí wọ́n ń gbìn. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ní Mahi àti ní Ifẹ̀ tàbí Itcha, kí ẹ sì kọ ohun tí àgbà náà sọ, kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kí ó sọ. Bí àgbà méjì bá ta ko ara wọn, ẹ kọ ti àwọn méjèèjì. A óò tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí ní Yorùbá àti Faransé, a óò sì bẹ àwọn ọ̀rẹ́ wa tí ń sọ Mahi kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jáde.

Ọmọkùnrin tí ó mú wa kiri ti ṣèlérí pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ìyá òun. Ó ní ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ṣì ń fi Itcha bá àwọn adìẹ rẹ̀ wí.